Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń pa géèmù ìje mọ́tò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọ̀rọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà bá wọ inú ìwé ìròyìn Yorùbá, ti bọ́ọ̀lù ni a sábà máa ń kà. Ti ìje mọ́tò ni tiwa lónìí, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní sim: táyà inú rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń jẹ, mọ́tò yóò yí bírí bí o bá fún un níná jù níbi kọ́nà, kò sì ṣeé gbádùn láìsí sítíárìn àti pẹ́dáàlì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù àti Blender, ètò tí a fi ń ya àwòrán oníhà mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, máa ń béèrè bóyá owó ṣì wà nídìí rẹ̀. Owó wà níbẹ̀. Láti 1989 tí Papyrus, ilé iṣẹ́ kan ní Massachusetts, ti gbé Indianapolis 500 jáde ni oníbàárà rẹ̀ ti ń bẹ. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń tà á, ojoojúmọ́ ni ó ń jẹ owó, èyí tó sì le jù nínú owó náà ni ìṣákọ́lẹ̀.

Láísẹ́ǹsì ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Kí Ferrari kan tó fara hàn nínú géèmù, Ferrari gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ni pápá ìje Monza tàbí Spa yóò gba tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ni ìdíje, ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára mọ́tò, gbogbo wọn ló ń nawọ́. Ọdún díẹ̀ sì ni àdéhùn kọ̀ọ̀kan ń lò. Bí ó bá pé, onílẹ̀ lè kó ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Láti nǹkan bí ọdún 2000 títí di ìparí 2016, EA, ilé iṣẹ́ géèmù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló di láísẹ́ǹsì Porsche mú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí RUF, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń tún Porsche ṣe, nínú àwọn géèmù tí Porsche fúnra rẹ̀ kò sí.

Papyrus gan-an jẹ nínú ìyà yìí. NASCAR Racing 2003 Season ni iṣẹ́ wọn tó dára jù, ó sì ń tà. NASCAR, ẹgbẹ́ tó ni ìdíje mọ́tò náà ní Amẹ́ríkà, wá kó láísẹ́ǹsì fún EA nìkan bẹ̀rẹ̀ láti 2004, Papyrus sì ti ilẹ̀kùn lọ́dún náà. David Kaemmer tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ kó kóòdù géèmù náà, òun àti John Henry tó ni ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù Boston Red Sox sì fi dá iRacing, géèmù ìje orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, èyí tó ṣí fún ará ìlú ní 2008. Lónìí, ọwọ́ iRacing ni láísẹ́ǹsì NASCAR wà. Ilẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó ń dáko síbẹ̀ ló yí padà.

Ti Project CARS tún burú ju ìyẹn lọ. Slightly Mad Studios ní Lọ́ńdọ̀nù gba owó lọ́wọ́ àwọn tí yóò fi géèmù náà ṣeré kí wọ́n tó kọ́ ọ, ó sì jáde ní 2015. Codemasters, ilé iṣẹ́ géèmù mìíràn ní England, ra ilé iṣẹ́ náà ní 2019. EA fi bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 200 dọ́là ra Codemasters ní 2021. Ní September àti October 2022, wọ́n gbé Project CARS kìíní àti ìkejì kúrò lórí igbá nítorí pé láísẹ́ǹsì mọ́tò àti ti pápá ìje ti parí. Ní November, EA pa orúkọ náà rẹ́. Ẹni tó ti rà á ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò tún lè ti ara rẹ̀ wọlé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòdù rẹ̀ kò ní àrùn kankan.

Ẹ wá fi géèmù Live for Speed wé e. Ènìyàn mẹ́ta ló ń kọ́ ọ, 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ọ̀pọ̀ mọ́tò inú rẹ̀ ni wọ́n fúnra wọn rò, bíi XF GTI àti FZ50. Àwọn pápá ìje tí wọ́n pè ní Blackwood àti Kyoto níbẹ̀ kò sí níbì kankan láyé. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń tà, £12 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣì ń tà á. Lórí àwọn tí wọ́n fúnra wọn rò yìí, kò sí onílẹ̀ tó lè kan ilẹ̀kùn mọ́ wọn lóru. Nígbà tó yá wọ́n fi Rockingham, pápá ìje gidi kan ní England, kún un. Ní 2018 ni ìje parí ní Rockingham gidi. Ti inú kọ̀ǹpútà ń lọ ní tirẹ̀.

Yàtọ̀ sí láísẹ́ǹsì, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í tán. Láti ṣe pápá ìje kan, wọn yóò gbé ẹ̀rọ lésà lọ síbẹ̀ láti wọn ilẹ̀ náà, débi pé kòtò kékeré ojú títì kò ní sá pamọ́. Àmì àìmọye tí lésà kó wá kì í ṣe títì. Ènìyàn ni yóò jókòó fún oṣù mélòó kan láti fi ọwọ́ kọ́ títì lé e lórí. Bí wọ́n bá sì da ọ̀dà tuntun síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà nìyẹn. Ní ti mọ́tò, wọ́n nílò àwòrán ìkọ́lé rẹ̀, bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pín síwájú àti sẹ́yìn, ibi tí ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan so mọ́, agbára ẹ́ńjìnnì ní ìpele eré kọ̀ọ̀kan, àti ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì àti nídìí sàlẹ́ńsà. Táyà ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe táyà kì í fẹ́ tú àṣírí wọn. iRacing ń ṣírò ìrìn mọ́tò nígbà 360 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá tún ìṣirò táyà ṣe, gbogbo mọ́tò tó wà nínú géèmù ni wọ́n ní láti tún tò. Ìyẹn ló fà á tí mọ́tò tó dùn ún wà lóṣù tó kọjá fi lè máa yọ̀ bí ẹni tẹ epo mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe.

Ta ni yóò wá san gbogbo èyí? iRacing ní kí oníbàárà máa san án lóṣooṣù. Owó wọn ti tó dọ́là 13 lóṣù fún ìgbà pípẹ́. Mọ́tò kan $11.95, pápá ìje tuntun $14.95. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ṣe ìdíje kan péré fún sáà kan, ọ̀sẹ̀ 12 ni sáà náà. Tó bá ra mọ́tò kan àti pápá ìje mẹ́jọ, $131.55 nìyẹn, oṣù mẹ́ta, $39. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ $170.55 kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó kankan, láìka sítíárìn mọ́ ọn. Bí owó oṣooṣù bá sì tán, mọ́tò tó ti rà tì pa. Ó dun ènìyàn lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó san án kò ra mọ́tò nìkan: ó ra ìje tó ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, pẹ̀lú àwọn tí agbára wọn tó tirẹ̀, àti àkọsílẹ̀ tó ń dín iyì ẹni tó bá ń kọlu ẹlòmíràn kù. Nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ń tà lọ́jà yìí, èyí nìkan ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìta, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe àfikún sí géèmù, kò lè dà kọ. Le Mans Ultimate tó jáde ní 2024 náà ti fi ìsanwó oṣooṣù kún apá kan ìje orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kunos Simulazioni ní Ítálì gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú Assetto Corsa ti 2014. Wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí ẹnikẹ́ni lè fi mọ́tò àti títì tirẹ̀ sí i, àwọn ará ìta sì tún ojú rẹ̀ ṣe débi pé lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń fi í ṣeré ṣì pọ̀ ju àwọn tó ń fi Assetto Corsa Competizione tí Kunos gbé jáde ní 2019 ṣeré lọ. Ó dára fún orúkọ Kunos. Ní ti àpò wọn, ó kù díẹ̀ káàtó: ẹni tó ra géèmù náà ní ẹ̀dínwó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ń sanwó oṣooṣù fún ẹni tó ṣe òjò àti ìmọ́lẹ̀ tuntun fún un, Kunos ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀.

Owó mìíràn wà tí àwa òǹrajà kì í rí. Láti ara iṣẹ́ àwọn tó kọ́ géèmù ìje rFactor ni rFpro ti yọ, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹgbẹ́ Formula 1 àti àwọn tó ń ṣe mọ́tò ń lò. AB Dynamics ti England san mílíọ̀nù £18.1 láti rà á ní 2019. NASCAR náà kọ́kọ́ sáré ní ìgboro Chicago nínú iRacing ní 2021, kí wọ́n tó ti títì ìlú náà pa fún eré gidi ní July 2023. Ní tiwa o, apá yìí ni a gbà pé yóò gbé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ró, ju kí wọ́n máa fi àwòrán mèremère fa ojú mọ́ra.

Ẹ̀kọ́ ilé iṣẹ́ kékeré wà lọ́wọ́ Reiza ní Brazil. Wọn kò kọ́ ẹ́ńjìnnì géèmù, ìyẹn kóòdù ìpìlẹ̀ tó ń gbé géèmù ró, kankan fúnra wọn. Game Stock Car wọn ti 2011 yá ti rFactor lò. Automobilista 2 ti 2020 yá èyí tí Project CARS lò, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí EA pa ṣì ń mí ní Brazil. Wọ́n mú ìdíje Stock Car ilẹ̀ wọn tí àwọn ńlá kò náání, wọ́n sì ń ta mọ́tò àti pápá tuntun ní ìdì ìdì.

Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé dọ́là ni Steam ń gbà lọ́wọ́ wa. Èkejì ni ọ̀nà jíjìn. Okùn MainOne tó ti Portugal wọ Èkó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní 70 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ká tó dé Jámánì tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Bó bá di 100, mọ́tò tó ń sáré 200 kìlómítà ní wákàtí ti rin mítà 5 àti ààbọ̀, ìyẹn ju gígùn ara rẹ̀ lọ. Ibi tí kọ̀ǹpútà rò pé ó wà lo ń rí. Ẹ fi àyè mọ́tò kan sílẹ̀ bí ẹ bá ń yà á, kí ẹ sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà. Íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró lójú kan sàn ju èyí tó yára tó tún ń fò lọ. Bí iná bá lọ láàárín ìje, ìje parí nìyẹn.

Ní ti iṣẹ́, títì ni kí àwọn ọ̀dọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, títì ìgboro ni pàápàá, torí kò ní onípápá tí yóò gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi Assetto Corsa ṣeré ń rọ́ lọ sórí òpópónà Tokyo tí àwọn ará ìta kọ́. Afárá Third Mainland wa gùn tó 11.8 kìlómítà, ó ní ọ̀sà lábẹ́. Ẹ kọ́ ọ ní Blender, mítà ni kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́, kí ẹ gbé e jáde ní fáìlì FBX, kí ẹ sì fi ètò ksEditor tó wà nínú àpótí sdk géèmù náà sọ ọ́ di kn5, irú fáìlì tí Assetto Corsa ń kà. Bí títì bá tóbi tàbí kéré ní ìlọ́po 100, ìwọ̀n FBX lẹ ṣì. Ilẹ̀ tí táyà yóò tẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1ROAD ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ògiri 1WALL. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò yóò já wọ inú ilẹ̀. Ẹ fi àmì AC_PIT_0 (ibi ìdúró mọ́tò) àti AC_START_0 (ibi tí ìje ti ń bẹ̀rẹ̀) lélẹ̀ títí dé iye mọ́tò tí ẹ fẹ́, kí iye méjèèjì dọ́gba, kí ojú wọn sì kọ síbi tí mọ́tò ń lọ. Ẹ yọ orúkọ ilé iṣẹ́ kúrò lára gbogbo pátákó ìpolówó. Kí ẹ sì má ṣe tẹ́ afárá náà pẹrẹsẹ: oríkèé rẹ̀ tó máa ń gbọn táyà pọ̀n-ùn, pọ̀n-ùn ni ẹni tó bá di sítíárìn mú yóò fi mọ̀ pé Èkó ni òun wà.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣe géèmù ìje,
Ìbàdàn.