Ẹ Má Fi Ẹ̀rín Nìkan Rántí Liz Smith

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di olóògbé, tí àwọn olólùfẹ́ wọn ṣì ń dárò. Inú mi dùn nígbà tí mo rí orúkọ Liz Smith níbẹ̀. Ìlà kan péré lẹ kọ nípa rẹ̀, pé òun ni ìyá àgbà apanilẹ́rìn-ín inú The Royle Family, eré aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ara mi kò sì gbà á, nítorí mo jẹ obìnrin náà ní gbèsè kan, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ẹ̀rín nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa.

Ní ọdún 2006, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ wọn kì í sinmi láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi lọ sùn. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí The Royle Family. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, torí ó dà bí ẹni pé nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdílé kan ní Manchester jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń fa sìgá, wọ́n ń bú ara wọn. Kò sí ẹ̀rín àgbàsílẹ̀ tí àwọn eré aláwàdà mìíràn máa ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ kí òǹwòran lè mọ ibi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Bí òṣèré bá sọ̀rọ̀ tí kò dùn, ojú ẹsẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ máa tú. Caroline Aherne àti Craig Cash wà lára àwọn tó kọ ọ́, àwọn méjèèjì sì tún kópa nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Denise àti Dave. Liz Smith ni Nana, ìyá Barbara tó jẹ́ ìyàwó Jim, baálé ilé náà.

Nana kì í ṣe irú ìyá àgbà tí wọ́n máa ń fi sínú àlọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àìsàn gba àánú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ gún ọkọ ọmọ ẹni lára, Jim náà kì í sì í fi bò pé ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó òun ti sú òun. Àwọn ìyá tí mò ń tọ́jú fẹ́ràn Nana gan-an. Ó jọ wọ́n, ẹni tó ń ṣe é kò sì ṣe é bí ẹni tó ń fi arúgbó ṣẹlẹ́yà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n gbé apá kan jáde tí wọ́n pè ní The Queen of Sheba. Ara Nana kò yá mọ́. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá sínú pálọ̀ ọmọ rẹ̀, ibi tí gbogbo wọn ti máa ń jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wá kan ibi tí Barbara, èyí tí Sue Johnston ṣe, ti ń tún irun ìyá rẹ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn àga àwọn ìyá wa, tíréè ife tíì wà lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mọ́.

Ọdún kẹfà nìyẹn tí mo ti fojú kan ìyá mi kẹ́yìn. Nígbà tí mo wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń di irun fún un. Yóò jókòó sórí àpótí, èmi á jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ á wà láàárín orúnkún mi, èmi á máa fi òòyà ya irun funfun náà, òórùn àdí á gba gbogbo ọwọ́ mi. Ìgbà tó bá kọ ẹ̀yìn sí mi báyìí ló máa ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ lójúkojú: ọ̀rọ̀ bàbá mi, ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó sin, ọ̀rọ̀ ibi tí ó fẹ́ kí a sin òun sí. N kò mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i.

Liz Smith kò tọrọ omijé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń di irun fún ṣe máa ń jókòó, ó gbà kí ọmọ òun máa tọ́jú òun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ wa. Ìyá kan tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì wo ojú mi. Kí eré náà tó parí, Nana ti kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra káàdì ìpè, mo pe ìyá mi. Mo bi í léèrè pé ta ló ń di irun fún un. Ó ní ọmọ àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti le jù. Ó gbà mí ní ọdún méjì sí i kí n tó lè lọ sílé. Mo bá a láyè. Mo di irun fún un ní Sátidé mẹ́rin léra wọn. Gbèsè tí mo ní mo jẹ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n, Olóòtú, ohun tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an ni pé n kò fẹ́ kí á pa obìnrin náà mọ́ inú Nana. Lẹ́yìn alẹ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn eré rẹ̀ kiri, mo sì ka nípa ìgbésí ayé rẹ̀.

Scunthorpe ní Lincolnshire ni wọ́n ti bí i, ní 11 oṣù Kejìlá ọdún 1921. Betty Gleadle ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ lọ, tí kò padà wá mọ́. Ìyá àgbà tí gbogbo Ìlú Ọba wá mọ̀ yìí, ìyá àgbà tirẹ̀ náà ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin inú ọ̀wọ́ ológun ojú omi ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ ọkọ ní 1945, ọmọ méjì ni wọ́n bí, ìgbéyàwó náà sì túká, òun nìkan ló tọ́ àwọn ọmọ náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń ṣeré orí ìtàgé níbi tó bá ti rí àyè, ó ń dá àwọn ará ibùdó ìsinmi Butlins lára yá, ó sì ń ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá délẹ̀ kí oúnjẹ lè dé ẹnu ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù Hamleys ní Regent Street ló wà, tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, nígbà tí Mike Leigh, olùdarí eré, ránṣẹ́ pè é fún sinimá Bleak Moments, èyí tó jáde ní 1971. Ó ti ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òṣèré. Èyí máa ń dùn mí. Obìnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Àwọn tó ń pín ipa ni kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn Bleak Moments, Mike Leigh kan náà fún un ní ipa nínú Hard Labour, eré tẹlifíṣọ̀n tí BBC gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1973. Eré yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wá wò. Kì í ṣe alátìlẹ́yìn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun gan-an ni olú ẹ̀dá ìtàn. Salford ni wọ́n ti ya á. Mrs Thornley ń tọ́jú ilé fún obìnrin kan tó rí já jẹ, á padà sílé tirẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ ọdẹ aṣọ́nà lọkọ rẹ̀ ń ṣe lóru, pẹ̀lẹ́ kì í sì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ibì kan wà tí ọkọ náà ti ní kó bá òun ra ẹ̀yìn. Liz Smith bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Kò sọ nǹkan kan. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ tipẹ́ ni, tó kàn ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Èmi náà ti fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wẹ ènìyàn ní aago mẹ́fà ìdájí.

Lẹ́yìn náà ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Fáàdà. Ẹ̀ṣẹ̀ tó rí tọ́ka sí ni pé òun kò nífẹ̀ẹ́ àwọn ènìyàn tó. Obìnrin tó ti ń sin gbogbo ènìyàn láti òwúrọ̀! Fáàdà náà kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí i. Mo dá eré náà dúró níbẹ̀, mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè bá a lọ. Ben Kingsley wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn. Síbẹ̀ Liz Smith, tí kì í sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ, lojú mi kò lè kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí Mrs Thornley yóò mọ ibi tí Nana ti wá. Agbára kan náà ló fi ṣe àwọn méjèèjì. Ó mọ ohun tí àwọn tí a kì í bi léèrè ọ̀rọ̀ máa ń rò.

Àwọn yòókù kò ní gùn lẹ́nu mi. Ní 1984, ó ṣe ìyá Maggie Smith nínú A Private Function, sinimá nípa ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n ń sìn níkọ̀kọ̀ ní 1947, nígbà tí ìjọba ń fi ìwọ̀n pín ẹran fún aráàlú. BAFTA, ẹ̀bùn sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ òṣèrébìnrin alátìlẹ́yìn tó dára jù sí, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn tó wo eré aláwàdà The Vicar of Dibley rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Letitia Cropley àti àwọn oúnjẹ àdàlù tí kò ṣeé jẹ. Àwọn ọmọ tèmi, ìyá àgbà Georgina ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nínú sinimá Charlie and the Chocolate Factory ti 2005, níbi tí àwọn arúgbó mẹ́rin ti ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ìjọba fún un ní oyè MBE ní 2009, ọdún kan náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló kú, ẹni ọdún 95. Caroline Aherne, tó fi ọ̀rọ̀ sí Nana lẹ́nu, ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù Keje ọdún yẹn, ẹni ọdún 52 péré. Ọjọ́ ìbí Aherne sì ni 24 oṣù Kejìlá. Ní gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, àwọn méjèèjì ni mo máa ń rántí pa pọ̀.

Nítorí náà, Olóòtú, bí ẹ bá tún máa tẹ àkójọ yẹn jáde ní ìparí ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà kejì kún ti Liz Smith. Ẹ kọ ọdún 1973 síbẹ̀, ẹ kọ Mrs Thornley síbẹ̀. Àwòrán Nana tí ẹ lò, ẹ jẹ́ kó wà, ó dára.

Èmi ni òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù