Sí Àkànkẹ́, kí ọkọ̀ yín tó dé Ålesund

Àkànkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Nígbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí o ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ láti Southampton máa dúró fún wákàtí mẹ́jọ ní Ålesund, ní etíkun Norway, gbogbo ohun tí mo rí sọ ni pé ibẹ̀ dára. Láti ìgbà tí a ti parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ìlú yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó wà nínú mi ju "ibẹ̀ dára" lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí.

O mọ̀ pé èmi náà dé ibẹ̀ lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, èmi àti àwọn ìyá ìjọ wa. Ohun tí n kò sọ fún yín nígbà tí mo padà dé ni pé díẹ̀ ló kù kí n kúrò nílùú náà láì rí i. Wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan fún wa nínú ọkọ̀, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì yẹn. Òjò ń rọ̀, èémí wa ti bo gíláàsì fèrèsé, a kò rí ìta. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la sọ̀ kalẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìkejì sì jẹ́ níwájú ilé ìtajà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi.

Nítorí náà, má ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kankan. Àwọn ìlú kan wà tí ọkọ̀ ńlá kì í lè dé etí ilẹ̀, tí wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré kó èrò lọ sí èbúté. Ålesund kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìlú gan-an ni ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ fẹsẹ̀ rìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti wà láàárín àwọn ilé tí gbogbo ayé ń tìtorí wọn wá. (Má pe orúkọ ìlú náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. A tí òrùka kékeré wà lórí rẹ̀ yẹn, ohùn rẹ̀ sún mọ́ ọ wa.)

Àmọ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, fi àwọn ọmọ jókòó, kí o sọ ìtàn iná náà fún wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yẹn, ilé aláràbarà lásán ló máa rí. Òru ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1904 ni iná ṣẹ́ yọ. Ìgbà òtútù ni, ìjì líle ń jà, igi ni wọ́n sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé ìlú náà. Atẹ́gùn ń gbé iná láti òrùlé dé òrùlé. Nǹkan bí ilé 850 ló jóná, nǹkan bí ènìyàn 10,000 ni kò sì rí ilé sùn mọ́ nínú òtútù yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá a lọ. Kaiser Wilhelm Kejì, ọba Jámánì, fẹ́ràn etíkun yẹn púpọ̀, ibẹ̀ ló máa ń lọ gbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi oúnjẹ, aṣọ àti oògùn ránṣẹ́ sí wọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Títí di òní, òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Láàárín ọdún 1904 sí 1907 ni wọ́n tún èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà kọ́, òkúta àti bíríkì ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ayàwòrán ilé tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀ ló yà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, níbi tí àṣà ilé kíkọ́ tí wọ́n ń pè ní Jugendstil ti gbòde nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí òdòdó, ewé àti ojú ènìyàn tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, àti ilé ìṣọ́ ṣóńṣó lórí òrùlé. Ilé kan tó jẹ́ ilé ìtajà oògùn tẹ́lẹ̀ ti di mùsíọ́mù tó ń sọ ìtàn náà. Bí òjò bá pọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ sá wọ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀. Mo bá ọ̀nà kan lọ nítòsí Brosundet, omi tó gba àárín ìlú kọjá. Mo rí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí òkè rẹ̀. Mo gbé fóònù, mo ya fọ́tò, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo sún sẹ́yìn, mo ya òmíràn, mo tún sún síwájú. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí bàbá arúgbó kan lẹ́yìn mi. Àpò tí búrẹ́dì yọ orí nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, omi òjò ń kán láti etí fìlà wọn. Wọ́n dúró kí n ṣe tán, kí wọ́n lè wọ ilé wọn.

Àkànkẹ́, ojú tì mí. Èmi tí n kò jẹ́ gba iwájú ilé ẹnikẹ́ni kọjá ní Ìbàdàn láì kí onílé, mo dí ilẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà nínú òjò. Orúnkún mi ti kọ́kọ́ wólẹ̀ kí ẹnu mi tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kàn fi ìka tọ́ka sókè. Lábẹ́ òdòdó tí mo ti ń yà láti àárọ̀, ojú ọmọdé kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọrin. Gbogbo fọ́tò tí mo yà, n kò rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ nìyẹn. Ọkọ̀ kan lè kó èèyàn tó lé ní 3,000 wọ ìlú náà láàárín wákàtí kan, ilé onílé ni gbogbo wọn sì ń wò. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa yọjú wo fèrèsé. Má jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ rà á lọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn míì á ti jẹun yó nínú ọkọ̀, wọ́n á rìn káàkiri, wọ́n á padà láì ná kọ́bọ̀. Kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ife kọfí kan àti àkàrà òyìnbó méjì kò ní sọ yín di tálákà. Káàdì ni wọ́n ń gbà níbi gbogbo. Kọ́ "hei" láti fi kí wọn, kí o sì kọ́ "takk" láti fi dúpẹ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà bí ìdáhùn bá kúrú, ìwà wọn ni, kì í ṣe ìbínú.

Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ọkọ rẹ ṣì ń lò. Norway kò sí nínú European Union, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, ìwé ìgbélùú Britain kò sì dípò físà Schengen. Ẹ bójú tó o ní kíákíá.

Ti aago náà ṣe pàtàkì. Norway fi wákàtí kan ṣáájú Britain, fóònù sì lè yí aago rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò yí tirẹ̀. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n ń sáré bọ̀ lẹ́bàá omi, obìnrin náà fi bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n sì ti ń tú okùn. Ọ̀gá ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó dá rìn. Ẹ padà nígbà tó bá ku wákàtí kan.

Aṣọ òjò ni kí ẹ mú, ẹ fi agbòjò sílẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ á yí i po.

Bí òjò bá dá, ẹ gun òkè Aksla. Láti inú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú ni àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, 418 sì ni. Orúnkún mi kò gbà á, mọ́tò ni mo wọ̀ gba ọ̀nà ẹ̀yìn gòkè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lágbára. Ẹ jẹ́ kí Tóbi máa kà á sókè. Lókè yẹn, ìlú náà tẹ́ lọ tín-ín-rín lórí àwọn erékùṣù rẹ̀, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, àwọn òkè ńlá lẹ́yìn. Ẹ jókòó níbẹ̀ pẹ́. Ẹ pa fóònù mọ́ sápò fún ìgbà díẹ̀.

Ohun kan ló kù. O rántí pé pańla ni ìyá mi tà ní Dùgbẹ̀. Nínú àpò ìdọ̀họ ńlá ló ti máa ń dé, orúkọ Norway lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ wa bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó. Nígbà tí mo dé ilé ẹja kan ní Ålesund, mo rò pé òun náà ni mo rí. Mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni! Obìnrin tó ń tà á ṣàlàyé fún mi pé klippfisk ni tiwọn. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i kí wọ́n tó sá a, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń lọ sí Portugal àti Brazil. Pańla tiwa, ẹja kọ́ọ̀dù kan náà ni, ṣùgbọ́n Lofoten níwájú lápá àríwá ló ti ń wá. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i rárá, igi ni wọ́n ń so ó rọ̀ sí títí atẹ́gùn tútù á fi gbẹ ẹ́. Ìyá mi fi ẹja yẹn tọ́ wa dàgbà, wọn kò sì mọ ibi tó ti wá títí wọ́n fi lọ.

Ra klippfisk kan bọ̀ fún mi, èyí tí kò tóbi. Wọ́n á fi ọ̀rá dì í. Tí o bá délé kí n tó wá, rẹ ẹ́ sínú omi tútù di ọjọ́ kejì, kí o máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi se ẹ̀fọ́ rírò fún àwọn ọmọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Kí Tóbi kọ iye àtẹ̀gùn tó kà sílẹ̀ dè mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ