Faransé ni wọ́n fi ń ṣọ́nà, Yorùbá ni irọ́ ń sọ kọjá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, èmi àti ìyàwó mi ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ní Ṣùrùlérè níbí nígbà tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìsinmi. Àwọn ará ilé wọn ní Àjàṣẹ́ ni, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Àwọn ṣọ́jà kan ti yọjú lórí tẹlifíṣàn ìjọba ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti yọ Ààrẹ Patrice Talon nípò. Òótọ́ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìjọba ti kéde pé ọ̀tẹ̀ náà ti forí ṣánpọ́n, bàálù ológun Nàìjíríà sì ti gbéra lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Òótọ́ nìyẹn náà.

Èyí tó já wa láyà jù kò sí nínú ìròyìn kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ohùn ọkùnrin kan wọ inú gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp. Yorùbá Àjàṣẹ́ pọ́ńbélé ló ń sọ, ó ń ju Faransé díẹ̀díẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́hùn-ún. Ó ní bàálù Nàìjíríà ti ju bọ́ǹbù sí ọjà, pé àwọn ṣọ́jà wa ń wọ ojúlé dé ojúlé, pé kí ẹni tó bá ní ẹbí ní Èkó tètè sá kí àwọn ará ìlú má baà fi í gbẹ̀san. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àjàṣẹ́, ti kó aṣọ àti ìwé ilẹ̀ wọn sínú báàgì. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n o. Bí a ṣe ń pe ẹni yìí là ń pe tọ̀hún, títí a fi rí ọmọ kan tí ilé wọn kọjú sí ọjà gan-an. Ó jáde lọ wò ó. Ó ní àwọn obìnrin ń ta tòmátò.

Ta ló sọ̀rọ̀ náà? A ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ó lè jẹ́ ọmọ àdúgbò kan tó kàn ń wá òkìkí. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n sanwó fún láti ibi tó jìnnà réré.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Faransé ní Yábàá kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì tíì jáwọ́ nínú kíka ìwé ìròyìn wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn aṣòfin tó ń sọ Faransé báyìí ni guerre hybride. Mo wá Yorùbá rẹ̀ títí, ogun àdàlù ni mo fi sọ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àdàlù tí ìyá olóúnjẹ ń bù fún yín láàárọ̀, ṣé ẹ̀wà ni àbí àgbàdo? Bẹ́ẹ̀ náà ni ogun yìí rí. Irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, owó díẹ̀, àwọn tó ń já wọ kọ̀ǹpútà ìjọba, òṣèlú tí wọ́n ti rà sápò, wáyà tí wọ́n gé lábẹ́ òkun. Bí ẹ bá mú ẹyọ kan nínú wọn, á ní òun kọ́ ni ogun. Kò sì sí ẹni tó kéde ogun, débi tí a ó fi mọ ẹni tí a ó bẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Assemblée parlementaire de la Francophonie, tó kó àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé jọ. Luxembourg ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1967, Paris ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n ti jọ sọ ọ̀rọ̀ ogun àdàlù yìí. Kò ní ọmọ ogun, kò sì lè pàṣẹ fún ìjọba kankan. Ìyàwó mi ní kí wá ni wọ́n ń pàdé fún, bí kì í ṣe oúnjẹ àti owó ìrìn-àjò. Mi ò lè bá a jiyàn tán, torí a mọ àwọn aṣòfin tiwa náà. Ṣùgbọ́n aṣòfin ló lágbára láti pe olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá síwájú òun kó wá dáhùn ìbéèrè. Òun ló ń fọwọ́ sí owó wọn, òun ló ń ṣe òfin. Ọgbọ́n tí wọ́n fi yọ Moldova, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, lẹ́nu lónìí lè dé Àjàṣẹ́ lọ́la, ó sì sàn kí ẹni tó ti jìyà rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì jẹ́.

Moldova yìí, ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ inú ẹbí Faransé ló wà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n dìbò lórí bóyá kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn pé àwọn fẹ́ wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọlọ́pàá wọn ní owó láti Rọ́ṣíà ti wọ àpò àwọn èèyàn tó ju 130,000 lọ kí ìbò tó dé. Rọ́ṣíà ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ìdá 50.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wo bó ṣe ku díẹ̀ tó. Dìbò kóo sebẹ̀ ni àwa ń pè é níbí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa, ọmọ ìlú ló ń se ọbẹ̀ náà.

Kánádà àti Faransé ò dúró kí ó tó kan àwọn tán. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni Kánádà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí àwọn tó ń ti òkèèrè dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, Faransé náà ní tirẹ̀.

Ó dáa. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ní òun ó dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ní Paris ni ti Gossi ní Màlì, oṣù Kẹrin ọdún 2022. Àwọn ṣọ́jà Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní bárékè ibẹ̀ ni ariwo gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n sin òkú rẹpẹtẹ síbẹ̀. Ológun Faransé bá gbé fídíò tí dúróònù wọn yà jáde, wọ́n ní àwọn ará Wagner, jagunjagun olówó iṣẹ́ ti Rọ́ṣíà, ló ń fi yanrìn bo òkú náà kí wọ́n lè dì í ru Faransé. Èmi gbà wọ́n gbọ́ lórí èyí. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni ti oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí Facebook pa àwọn àkáǹtì ayédèrú kan rẹ́, tí wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà nígbà tí ìbò wọn ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn kan wá láti Rọ́ṣíà. Àwọn yòókù, Facebook ní wọ́n tan mọ́ àwọn èèyàn tó ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ológun Faransé. Ayédèrú ń pe ayédèrú ní onírọ́! Bí àwọn aṣòfin Áfíríkà bá jókòó pẹ̀lú Paris, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Àìsí àwọn kan nínú ìpàdé náà tún burú. Níámè, olú ìlú Niger, ni wọ́n ti dá àjọ àwọn ìjọba tó ń sọ Faransé sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1970. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Niger fi àjọ náà sílẹ̀, òun àti Màlì àti Burkina Faso. Oṣù kan ó lé díẹ̀ ṣáájú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde ní ECOWAS. Àwọn tí iná ti ń jó lọ́dọ̀ wọn gan-an ni kò sí níbi ìjókòó mọ́. Ẹ ò sì lè sọ pé iná ará ibòmíràn ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà ìwọ́de, àsíá Rọ́ṣíà ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kiri ní Kánò, débi tí àwọn DSS fi kó télọ̀ tó ń rán an. Ní ọjọ́ Kérésì ọdún yẹn kan náà, Ọ̀gágun Tiani, olórí ìjọba ológun Niger, jókòó lórí tẹlifíṣàn ní Níámè, ó ní Nàìjíríà àti Faransé ń gbìmọ̀ láti da ilé òun rú. Àbújá ní irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú un dé ọjà Balógun. Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mo lọ ra léèsì ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi. Tíràńsífà kọ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ó kọ̀. Ìyá oníléèsì ní òun ò mọ̀ mí rí, kí n jọ̀ọ́ fi ẹrù sílẹ̀. Ìtìjú bá mi, àgbà bíi tèmi! Àṣé wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún wa ló ti já nítòsí Abidjan, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kò sẹ́ni tó gé e. Ilé-iṣẹ́ MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ibi lọ́kàn ti rí ibi tí ọ̀fun Èkó wà báyìí, omi Côte d'Ivoire sì ni. Àwọn aṣòfin Côte d'Ivoire wà nínú ẹgbẹ́ tí mò ń wí yìí. Àwa ò sí níbẹ̀. Gánà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa wà nínú àjọ àwọn Faransé.

Ọ̀rọ̀ èdè ló mú mi gbé kálàmù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé pín wa. Kétu, Ṣakétẹ́, Pọbẹ̀, Ìfànyìn bọ́ sọ́hùn-ún, àwa bọ́ síhìn-ín. Ààlà yẹn pín ilẹ̀, kò pín ẹnu. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Paris tí wọ́n ń pè ní Viginum, ọdún 2021 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa ṣọ́ irọ́ tó ń ti òkèèrè wọlé. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n tú àṣírí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì 193 tó ń gbé ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà kiri. Iṣẹ́ gidi ni. Ta nínú wọn ló gbọ́ Yorùbá Àjàṣẹ́? Àwọn ọmọ ilé aṣòfin ní Àjàṣẹ́ ń fi Faransé jíròrò, tiwa ní Aláúsá àti Àbújá sábà máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì jíròrò, irọ́ sì ń fi Yorùbá rìn gba ààlà Sẹ̀mẹ̀ kọjá láìní páàsì.

Mo mọ̀ pé òfin ni àwọn kan máa kọ́kọ́ sáré lọ ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n rọra. Benin ní òfin orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2018. Oníròyìn ni wọ́n fi gbé, Ignace Sossou, ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ẹ̀wọ̀n oṣù 18, torí ohun tó kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ ní gbangba. Ilé-ẹjọ́ dín in kù lẹ́yìn náà, àmọ́ ó ti ṣẹ̀wọ̀n. Àwa náà ní abala 24 nínú òfin Cybercrimes ti ọdún 2015, ẹ̀yin oníròyìn sì mọ bó ṣe ń ta yín. Bí ìjọba ló máa sọ ohun tó jẹ́ irọ́, irọ́ ìjọba ńkọ́?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé aṣòfin ECOWAS wà ní Àbújá, Nàìjíríà ló ní ìjókòó 35 nínú 115 tí òfin rẹ̀ là kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti èdè Pọtogí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí náà kò sí àwáwí pé a ò gbọ́ra yé. Kí àwọn aṣojú wa níbẹ̀ lọ bá àwọn ará Benin tó wà nínú ẹgbẹ́ Faransé, kí wọ́n mú àwọn aṣòfin Èkó àti Ògùn dání. Kí wọ́n yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta níhìn-ín, kí wọ́n yan lọ́hùn-ún, àwọn tí ará ìlú mọ ohùn wọn. Lọ́jọ́ tí irú ọjọ́ Àìkú yẹn bá tún dé, kí ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ lè bá rédíò Yorùbá wa sọ̀rọ̀ láàárín wákàtí kan, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò bá tíì dá a lójú, kí ó sọ pé kò tíì dá òun lójú.

Báàgì Ìyá Àjàṣẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa tú u. Wọ́n ní kò tíì sí ẹni tó fi Yorùbá sọ fún àwọn pé kí àwọn tú u.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Tíṣà Faransé tó ti fẹ̀yìn tì,
Ṣùrùlérè, Èkó.