Lẹ́tà sí àǹtí mi tí kì í sọ̀rọ̀ ní fẹ́lóṣíìpù

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ fẹ́lóṣíìpù ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn, tá a ti jọ ń ka Bíbélì nínú pálọ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì kọ ọ́ síta báyìí torí irú yín pọ̀ káàkiri, wọ́n á wá, wọ́n á jókòó sí tòsí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ṣàmín, wọ́n á lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ tá a ka Rúùtù orí kìíní. Lídà bi wá pé kí ló dé tí Náómì, ìyá ọkọ Rúùtù, ní kí wọ́n máa pe òun ní Márà, ìyẹn Ìkorò, ẹnì kan ní kò nígbàgbọ́ ni, ẹni tó tẹ̀ lé e ní bóun náà ṣe rí i nìyẹn, bó ṣe yí pálọ̀ po títí tó fi kàn yín, ẹ wá ní ẹ fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ká máa lọ sílé báyìí lẹ ní, "Ẹni tó sin ọkọ, tó sin ọmọ ọkùnrin méjì nílẹ̀ Móábù, ṣé kó máa jó ni? Ó ṣáà dìde, ó ń pa dà sílé." Àǹtí, gbogbo ìpàdé yẹn, a ò gbọ́ nǹkan tó tó ìyẹn! Obìnrin tó jókòó tì yín, aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ o, ohun tó gbé lọ sílé ni pé ẹni tó bá ń sunkún ọkọ ẹ̀ ò nígbàgbọ́.

Mi ò bá yín wí o, mi ò tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé èdè òyìnbó ni máńúà tí lídà fi ń bi wá ní ìbéèrè, àwọn kan náà ló sì máa ń dáhùn, gírámà kún ẹnu wọn. Àmọ́ láti 1884 ni odidi Bíbélì ti wà ní Yorùbá, èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ fi Yorùbá sọ tiyín. Ẹni tí ò bá ní nǹkan sọ lè dákẹ́ kó máa gbọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀, ẹ̀yin ní nǹkan sọ ni.

Tẹ́ ò bá tiẹ̀ fẹ́ dáhùn, ẹ béèrè. Jésù fúnra ẹ̀ lọ́mọ ọdún 12, Lúùkù 2:46, ó jókòó láàárín àwọn olùkọ́, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Ìjòyè ará Etiópíà inú Ìṣe orí 8 ńkọ́, Fílípì bi í bóyá ohun tó ń kà yé e, ọkùnrin yẹn ní báwo ló ṣe máa yé òun tẹ́nì kan ò bá tọ́ òun sọ́nà, ojú ọ̀nà yẹn náà ló ti ṣèrìbọmi. Ẹ má sì wò ó pé a ò pọ̀ nínú pálọ̀ yẹn, Deeper Life tẹ́ ẹ mọ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ 15 ló kọ́kọ́ jókòó ti Bíbélì lọ́dọ̀ Kumuyi tó dá a sílẹ̀, ní Yunifásítì Èkó ní 1973.

Mo ti bá lídà sọ̀rọ̀, ó ní òun á máa kọ́kọ́ fi Yorùbá béèrè, òun á sì máa dúró díẹ̀ kóun tó ka ìdáhùn tó wà nínú máńúà. Orí kejì la máa kà ní Sunday yìí, ibi tí Rúùtù ti ń pèéṣẹ́ nínú oko Bóásì kóun àti ìyá ọkọ ẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bọ́ ìyá ọkọ yín lẹ́yìn tí bàbá ti lọ, ta ló mọ orí yẹn jù yín lọ nínú gbogbo wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́.