Kíláàsì ló ṣáájú orin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn tó bá owó orí obìnrin jà láyé òyìnbó. Ó dùn-ún kà, àmọ́ orin àti ariwo iwájú ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, nìkan ló kún inú rẹ̀. Ẹ fo kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó ṣáájú rẹ̀ kọjá.

Àwọn obìnrin tó kàwé ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló ṣíwájú wọn, Ìyáàfin Grace Ẹniọlá Ṣóyínká náà sì wà níbẹ̀. Ní 1944 ni àwọn ìyá ọjà wọlé, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ábídí ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì jáde: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà. Ẹgbẹ́ kọ̀wé sáàfin, wọn ò rí èsì. Ìgbà tí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn ní 1945 ni ìfipágbà náà tó dáwọ́ dúró. (Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn ní ìpín níbẹ̀ o.)

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kan owó orí. Obìnrin ń san án, kò sóbìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ Aláké tó ń ná an. Ìyáàfin Kútì bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró bíi tiwọn, Yorùbá ló sì ń sọ sí òyìnbó. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó wá ògbufọ̀. Nígbà tí wọn ò fún wọn láṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní píkíníìkì làwọn ń ṣe. Wọ́n tún kọ́ ara wọn bí èèyàn ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ju tajútajú lù ú. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké ìgbà náà, Ọba Adémọ́lá, fi orí oyè sílẹ̀. Ó padà wá ní 1950, àmọ́ owó orí obìnrin ti dópin, obìnrin sì ti dé inú ìgbìmọ̀.

Ìdìbò 1959 ni gbogbo àgbà obìnrin ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn tó láǹfààní láti dìbò. Ti Àríwá di àwọn ọdún 1970. Ìyáàfin Kútì fúnra rẹ̀ fẹ́ díje ní 1959, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, NCNC, ò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì; ó dá dúró, kò sì wọlé.

Lónìí ńkọ́? Bí ìbò bá kù díẹ̀, àwọn olóṣèlú á wá pín ìrẹsì lọ́jà wa. Ìrẹsì kan náà táwọn ìyá wa bá ìjọba fà! Káàdì ìdìbò alálòpẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá tó tẹ àtàǹpàkò sáàárín àyè ẹgbẹ́ òṣèlú méjì lórí ìwé ìdìbò, ìbò rẹ̀ sì ṣòfò. Kò sẹ́ni tó fi ìwé ìdìbò hàn án rí títí ó fi dé iwájú àpótí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ tẹ àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò sí ojú ìwé kan gbáko kí ìdìbò ọdún 2027 tó dé, kó tóbi bíi ti gidi. Àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì á gbé e lọ sọ́jà Ìtòkú, a ó sì kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́-fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta.