Owó ọta ló ń lé wọn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín pé àwọn ọ̀dọ́ ò nífẹ̀ẹ́ paintball (eré tí wọ́n ti ń fi ìbọn yin ọta ọ̀dà lu ara wọn) mọ́, mi ò gbà rárá, owó ló ń lé wọn. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, odindi àdúgbò lè gbá a fún oṣù mẹ́fà, àmọ́ ọta paintball, tó bá ti bẹ́ sí èèyàn láyà ó parí nìyẹn, àpò tí 500 wà nínú ẹ̀ lè tán kí wákàtí kan tó pé, ẹ ò tíì ka owó gáàsì tó ń ti ọta jáde nínú ìbọn mọ́ ọn. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, àárín àwọn ọ̀gá ni wọ́n máa ń jù ú sí, wọ́n á da ọta bò ó, á délé tán kó máa ka ojú ibi tó wú lára ẹ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á padà wá? Kí wọ́n ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fáwọn tuntun jàre, kí wọ́n fún wọn ní ìbọn ọta kékeré, ìyẹn .50, kì í dunni tó .68 tó tóbi jù ú lọ.

Èmi ni tiyín,
Rẹfirí paintball