Owó oṣù tí wọ́n ń gé ló sọ mí di ìyá ẹlẹ́lùbọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín, tí wọ́n ní kí ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá ti sú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kíákíá, kó lọ máa tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ibẹ̀ lowó wà báyìí. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá o. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni èmi ti ń jẹun, iṣẹ́ tó burú ló sì lé mi débẹ̀. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n sọ bó ṣe lé mi, torí kì í ṣe ọjọ́ kan ló lé mi.

Ní 2017 ni mo rí iṣẹ́ akọ̀wé ní Wuse 2, ní Àbújá, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta àga, tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún àwọn ọ́fíìsì ìjọba. ₦45,000 lóṣù. Mo yọ̀, bàbá mi ní Ṣakí pa adìẹ. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni mo rí ìwé náà. Ìwé gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan ni, wọ́n fi okùn tín-ín-rín so báírò dúdú mọ́ ọn, orí tábìlì ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà. Bó o bá dé, wàá kọ orúkọ rẹ àti aago tó o wọlé. Bí agogo mẹ́jọ bá ti lù, ọ̀gá wa obìnrin á jáde láti yàrá wọn tàwọn ti báírò pupa, wọ́n á fi rúlà fa ìlà kan. Rúlà o! Orúkọ tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ ìlà yẹn, ₦500 ti lọ nínú owó oṣù ẹni tó ni ín.

Mararaba ni mo ń gbé títí di òní. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni wọ́n ka ibẹ̀ sí, àmọ́ àwa tí owó ilé Àbújá lé sá la kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde nílé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Nyanya mọ̀ pé ìyẹn kò ní kó o má pẹ́. Tírélà kan péré ló máa takú ní Kugbo, gbogbo wa á jókòó sínú ọkọ̀ títí agogo mẹ́sàn-án. O kò sì lè kàn bẹ́ sínú mọ́tò tó o bá rí, torí àwọn wọ́n-ṣáàǹsì: wọ́n á gbé ọ bí èrò, wọ́n á já ọ sílẹ̀ lójú títì láìsí fóònù, láìsí báàgì.

Oṣù kẹta ọdún 2019 ni ara mi kọ̀ ọ́. Álẹ́ẹ̀tì wọlé, mo wò ó: ₦36,500. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo bọ́ sábẹ́ ìlà pupa láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún. Mo yọ owó ọkọ̀ kúrò, ₦500 lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, ó ku ₦26,000. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, ni ìjọba buwọ́ lu ₦30,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ. Inú ọ́fíìsì là ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wa bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kò sí nǹkan kan mà.

Ẹ̀yìn tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala karùn-ún, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gé owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka òfin kó tó wáṣẹ́?

Ibi tí mo fẹ́ kí bàbá dúró sí wò dáadáa nìyí. Ọ̀gá wa ti gbé iṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan pé kó ṣe ojú òpó fún ilé iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ṣe é dé ìdajì, wọ́n jà lórí owó tó kù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ni ọ̀gá wa bá ju bébà kékeré kan sórí tábìlì mi, wọ́n kọ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, máa ṣe é lọ. Kò sí àfikún owó o." Inú bí mi. Mo ní ìyà ọ̀fẹ́ tún kọ́ yìí.

Orí WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ojú òpó, ni wọ́n gbé ojú òpó náà kà, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2003, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ọ́ níbẹ̀ tí ẹlòmíì kò tíì bá pàdé rí kó sì kọ ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó má baà dà bíi ti àlòkù. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń san owó orúkọ ojú òpó lọ́dọọdún kó tó kú. Èmi náà ni mò ń dá àwọn tó bá fi ìbéèrè ránṣẹ́ lóhùn. Kò pẹ́ tí mo rí i pé ìbéèrè mẹ́ta náà ni gbogbo wọn ń bi mí: Èló ni? Ṣé bó ṣe wà nínú àwòrán yẹn náà ló rí? Ọjọ́ wo ló máa tẹ̀ mí lọ́wọ́? Àga tí mo bá ti kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀, wọn kì í pè mí mọ́, owó ni wọ́n ń san. Ọ̀gá wa kò fìgbà kan bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é. Owó ni wọ́n ń rí.

Èlùbọ́ wá bọ́ sí i báyìí. Mo máa ń gbé àmàlà lọ síbi iṣẹ́ nínú kúlà kékeré. Ìyá mi ló ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ láti Ṣakí, gbodo tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣà kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kò ní láfún nínú. Bí mo bá ṣí kúlà, gbogbo ọ́fíìsì á gbóòórùn rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ra kọ́ńgò kan, kọ́ńgò méjì, pé èyí tí àwọn ń rà lọ́jà kì í dúdú, ó máa ń yọ̀. Máìgádì wa, ọmọ Kàtsínà, náà ń béèrè; alabo ló ń pè é. (Mo fura pé ọ̀dọ̀ wa ni Hausa ti mú orúkọ yẹn.) Lọ́jọ́ tí máìgádì fi ₦1,000 lé mi lọ́wọ́, mo ronú àga tí mò ń tà fún olówó, mo ronú ìbéèrè mẹ́ta yẹn.

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya ni mo ti ṣe ojú òpó tèmi, lórí fóònù Tecno tí ojú rẹ̀ ti sán, láàárín agogo márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, ẹni tó jókòó tì mí ń sùn lé mi léjìká. Àjọ tí mo kó lóṣù keje ni mo fi san owó orúkọ .com.ng àti ibi tí ojú òpó náà ń gbé. Mo forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí i, orí fóònù náà ni. Maitama tí ọ́fíìsì wọn wà, n kò débẹ̀. Fún owó gbígbà, mo lo Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, dá sílẹ̀ ní 2015, tí ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà wá rà ní 2020. Bí oníbàárà bá san ₦10,000, wọ́n á yọ ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi ₦100 kún un, ó di ₦250. Àwọn náà ń gé owó, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi kí wọ́n tó gé e.

Ẹ̀rù bàbá mi ló wá bà mí jù. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní, "Ṣé torí kó o lè wá ta èlùbọ́ la ṣe rán ọ lọ sí Poli?" Mo dákẹ́. Kí ni kí n sọ?

Lóṣù kọkànlá ọdún 2019, ọ̀gá wa bú mi níwájú àlejò, wọ́n ní orí mi kò pé. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo pe ìyá mi, mo ń sunkún, mo ní mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, "Èló lo jẹ lérè nínú èlùbọ́ lóṣù tó kọjá?" Mo ní ₦11,000. Wọ́n ní, "Nu ojú rẹ, padà sídìí iṣẹ́." Wọ́n gé fóònù.

Mo bínú sí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ bí mo bá lọ lọ́jọ́ yẹn, kí ni mo fẹ́ fi san owó ilé? Ẹ̀kọ́ tí mo ń rí kọ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa, níbo ni mo fẹ́ ti rí i? Iná ìjọba Mararaba kọ́ ni mo fẹ́ máa fi ṣe é.

Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa nítorí kòrónà. Wọ́n gé owó oṣù wa sí ìdajì, lẹ́yìn ìyẹn kò wá mọ́ rárá fún oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oúnjẹ ń rìn, àwọn èèyàn sì jókòó sílé, fóònù lọ́wọ́ wọn, àmàlà ń wù wọ́n. Gwarinpa, Kubwa, Lugbe, Dutse, gbogbo ibi ni wọ́n ti ń san owó. Nígbà tí ó fi di ìparí ọdún, èrè mi ti ju ₦45,000 lọ fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ̀wé. Mo fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe ní kí ẹni tó ti lò ju ọdún méjì lọ, tí kò tíì pé márùn-ún, ṣe. Wọn kò san owó oṣù tó kẹ́yìn fún mi. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Kí bàbá má sì rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ ilé ìsinmi. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022 tí omi gba títì ní Lọ́kọ́ja, àpò èlùbọ́ méjìlá mi há sí Koton-Karfe fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí mo ṣí àpò àkọ́kọ́, ó ti bu, ó tutù, ó ń rùn bí aṣọ tí wọn kò sá. Mo dá owó gbogbo èèyàn padà, mo tọrọ gáfárà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù; obìnrin kan ní Kubwa ṣépè fún mi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ oṣù, bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́nà, ọ̀gá ló ń sunkún, èmi á jẹ ìrẹsì mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà náírà tuntun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn tún gbè mí díẹ̀, torí tíránsífà ni gbogbo ayé ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ kì í wọlé lọ́jọ́ tó o bá fi í ránṣẹ́. Kó tó di oṣù kẹfà, ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wébíìlì àpò kan láti Ṣakí fò láti ₦2,000 sí ₦4,500.

Bí bàbá bá tún fẹ́ kọ̀wé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bi ọ̀dọ́ náà ní ìbéèrè tí ìyá mi bi mí.

Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi wọn èlùbọ́, tí wọ́n ń dì í. Ọ̀kan ń bọ̀ láti Masaka. Ní ọjọ́ Tuesday tó kọjá, tírélà ṣubú lójú ọ̀nà Keffi, agogo mẹ́wàá ló dé, oníbàárà Gwarinpa sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu dè é. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ń làágùn, kò tilẹ̀ dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, èló lẹ máa gé?"

Mo ní kó dìde, kó lọ wọn èlùbọ́ Gwarinpa, oní-dísípáàṣì ti ń dúró níta.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Mararaba.